Ẹ̀wà Híhù Nínú Ilé: Ohun Tí Ooru Àkúrẹ́ Fi Kọ́ Mi

Ẹni tó bá wá bí wọ́n ṣe ń mú ẹ̀wà hù nínú ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní wá a tì. Wọ́n á ní kó rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú, kó da omi náà nù láàárọ̀, kó máa fi omi mìíràn ṣàn án láàárọ̀ àti lálẹ́, kó wá kó èéhù rẹ̀, ìyẹn ẹ̀wà tó ti yọ ìrù funfun tí wọ́n ń sè jẹ, ní ọjọ́ karùn-ún. Wọn ò parọ́. Ìlú tí òtútù ti ń mú ni àwọn tó kọ ọ́ ń gbé ni. Ẹ tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Àkúrẹ́ nínú oṣù Kẹta, kí ẹ wá ṣí ike yín ní ọjọ́ karùn-ún náà: òórùn á ti pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú ilé tí mò ń gbé nítòsí Òkè-Àró, ọjọ́ mẹ́ta ló máa ń gbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ooru ilẹ̀ wa ń yára mú ẹ̀wà hù, ó sì ń yára bà á jẹ́. Ẹni tí kò bá ráyè tẹ̀ lé e, kó fi ẹ̀wà rẹ̀ sílẹ̀ nínú àpò.

Oúnjẹ òde ni mò ń sè: ìgbéyàwó, ìkómọ, ìṣílé, òkú àgbà, ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ní Alágbàká. Nígbà kan, jọ̀lọ́ọ̀fù àti ìrẹsì díndín ti tó fún gbogbo wọn. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣègbéyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìrẹsì àti núdù irú ti àwọn ará Ṣáínà. Wọ́n á na fóònù sí mi, wọ́n á ní àwọn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú àwòrán yìí gbọ́dọ̀ wà nínú tiwọn náà. Èéhù ẹ̀wà ni wọ́n ń tọ́ka sí, Èkó ni mo sì ti ń rà á nígbà yẹn. Wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, wọ́n á fi rán ọkọ̀ sí mi, á gba Ọ̀rẹ̀ dé Àkúrẹ́ nínú búùtù tó gbóná. Bó bá dé, ìdajì rẹ̀ á ti pọ́n, á ti máa yọ omi, awakọ̀ á sì gba owó ẹrù rẹ̀ pé. Ẹ̀wà gbígbẹ ní tiẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ kan nínú búùtù náà, kò sí ohun tó máa ṣe é. Nígbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo yéé ra èéhù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀wà.

Èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń lò jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní mung. Ó kéré gan-an sí ẹ̀wà tiwa, èèpo rẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé. N kò rí i rà ní Ọjà Ọba rí. Mo máa ń ránṣẹ́ sí àwọn ìsọ̀ tí àwọn ará Íńdíà àti Ṣáínà ti ń rajà l'Ékòó ni. Òun ló rọrùn jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, gbogbo rẹ̀ ń hù lẹ́ẹ̀kan náà, agolo mílíìkì kan rẹ̀ á sì kún abọ́, nítorí omi ló ń fà sára. Kílò kan gbígbẹ lè di kílò márùn-ún èéhù, bí ọwọ́ bá mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀wà tiwa náà ń hù, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé àfi kẹ́ ẹ ránṣẹ́ sí Èkó. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀wà tí à ń sè yìí jù ní gbogbo ayé. Ẹ̀wà wa kì í ṣe aláìmọ̀ọ́hù. Olóyin, dúrọ́ọ̀mù, funfun, mo ti hu gbogbo wọn. Èéhù wọn sanra, orí rẹ̀ tóbi, ó máa ń rùn bí ẹ̀wà tútù, ó sì ń fẹ́ iná díẹ̀ sí i. Bí mo bá fi sínú núdù, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó á mọ̀ pé kì í ṣe ti inú fóònù. Ṣùgbọ́n bó bá di inú àdàlú, mung kò tó o bá du ipò.

Sóyà ni ẹlẹ́kẹta. Àwọn ará Kòríà fẹ́ràn èéhù rẹ̀ púpọ̀, tí wọ́n bá ti sè é. Àléébù rẹ̀ nílẹ̀ wa ni pé ẹ̀mí rẹ̀ kì í pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Benue lẹ́yìn ìkórè á hù dáadáa. Èyí tó ti la òjò kọjá nínú àpò ní ìsọ̀, ńṣe ló máa wú, á sì rùn. Ẹni tó ń fi sóyà ṣe wàrà kò ní mọ ìyàtọ̀, nítorí kò kàn án bóyá ó kú tàbí ó yè.

Ọ̀kan wà tí n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni hù jẹ, ìyẹn ẹ̀wà ńlá pupa tó rí bíi kíndìnrín, tí wọ́n ń tà nínú agolo ní àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì, tí òmíì sì wà ní gbígbẹ. Májèlé kan wà nínú rẹ̀ ní tútù. Omi tó hó gidi fún ìgbà pípẹ́ ló ń pa á, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò ṣe nǹkan kan fún un. Ẹyọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ní tútù lè mú àgbàlagbà bì títí tí kò ní lè dìde.

Ọjà gan-an niṣẹ́ ti ń dára tàbí kó bàjẹ́. Ẹ̀wà tí a fẹ́ sè, bó bá ti rọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ̀wà tí a fẹ́ kó hù gbọ́dọ̀ ṣì wà láàyè, àwọn tó ń tà á kò sì fi ìyẹn ṣe ìṣirò, nítorí ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n. Èmi bi ìyá tí mo ń rà lọ́wọ́ wọn ní Ọjà Ọba.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni tuntun nínú ìwọ̀nyí?"

"Gbogbo ẹ̀ ni tuntun."

"Èyí tó máa hù ni mò ń wá, mà."

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí kóńgò. "Ṣé o ti dáko ni?"

"Rárá, mà. Nínú ilé ni mo ti fẹ́ kó hù. A máa jẹ ẹ́ ni."

"Ẹ̀wà tó hù! Èyí tí òjò bá pa nínú àpò wa tó hù, ewúrẹ́ là ń kó o fún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pe ará ìsọ̀ kejì kó wá gbọ́ ohun tí oníbàárà òun ń sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n lọ sẹ́yìn ìsọ̀, wọ́n sì bu òmíràn wá láti inú àpò tí wọn kò tíì pàtẹ. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ni wọ́n á ti máa pariwo pé, "Ìyá ẹlẹ́wà híhù, tìẹ wà nílẹ̀."

Bí wọ́n bá bù ú wá tán, mo máa ń da ẹ̀kúnwọ́ kan sí àtẹ́lẹwọ́, mo máa ń fi ìka kejì yí i kiri nínú oòrùn. Ihò ni mo ń wá. Kòkòrò ẹ̀wà máa ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ara èèpo, àmì funfun tíntìntín, ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó orí abẹ́rẹ́. Ọmọ rẹ̀ á lu èèpo wọlé, á jẹun yó níbẹ̀, á sì tú ihò róbótó sílẹ̀ nígbà tó bá ń jáde lọ. Ẹ̀wà oníhò lè rọ̀ nínú ọbẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má mọ̀. Nínú ike èéhù, òun ló máa kọ́kọ́ rà, á sì ran àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ihò, mo máa ń wo àwọ̀: olóyin tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń ṣú, kì í dán mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń tẹ imú bọ inú àpò. Ọ̀rọ̀ òògùn kòkòrò lórí ẹ̀wà kì í ṣe àhesọ. Láti ọdún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí òògùn tí wọ́n ń pè ní dichlorvos, tí wọ́n bá lára rẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Ní ọdún 2019, NAFDAC náà gbógun ti ìgò kéékèèké òògùn yìí tó kún gbogbo ìsọ̀ àdúgbò. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀wà sísè ń jẹ nínú rẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń hù ú ń rẹ gbogbo èèpo rẹ̀ sínú omi kan náà ni. Nítorí náà, ẹ̀wà tí kò ní kòkòrò kan ṣoṣo nínú oṣù Kẹjọ, tí òórùn rẹ̀ sì ń ta mí nímú, n kì í rà á, wọn ì báà ta á ní ọ̀pọ̀. Èyí tí wọ́n pa láró pupa tàbí àwọ̀ mìíràn ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta irúgbìn fún àgbẹ̀, ilẹ̀ nìkan ló wà fún. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sè é.

Kí n tó ra kóńgò púpọ̀, mo máa ń gba ìwọ̀nba lọ sílé. Mo máa ń ka ẹyọ 20 sínú aṣọ tútù, mo máa ń ká a, mo máa ń fi sínú ọ̀rá. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, bí 18 bá ti yọ ìrù funfun, mo pa dà lọ rà. Bí kò bá tó 15, àkàrà ni màá fi ìyókù dín. Ìgbà tó dára jù láti rà á ni láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá, nígbà tí wọ́n bá ń kórè rẹ̀ lókè Ọya. Mo máa ń kó o sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, màá kún un dé ẹnu kí ààyè atẹ́gùn má ṣẹ́ kù, màá dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí èémí mí. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú àwọn àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS, tí àwọn olóko ń lò. Ata gbígbẹ tí àwọn ìyá wa ń kó sínú ẹ̀wà náà ń ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó sín tán kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́.

Ní ti híhù fúnra rẹ̀, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an kò jẹ èéhù ẹ̀wà rí. Màmá onílé wa ni, ọmọ Oǹdó, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìyá tiwọn ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ẹni tó bá sì fẹ́ pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú àgbàdo hù: á rẹ ẹ́, á tẹ́ ẹ sáàárín ewé, á máa wọ́n omi sí i títí tí á fi yọ gbòǹgbò, kó tó sá a, kó tó lọ̀ ọ́. Màmá bá ike mi ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ṣí aṣọ orí rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, kí lo bò mọ́lẹ̀ báyìí?"

Mo ṣàlàyé. Wọn kò dáhùn. Wọ́n fọ ọwọ́ wọn ní ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n ki ìka méjì bọ àárín ẹ̀wà náà, wọ́n sì fi síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ó gbóná."

"Ẹ̀ẹ̀rùn ni, Màmá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Fọwọ́ kan ara ike. Ṣé ó gbóná? Inú ni ooru ti ń bọ̀. Ẹ̀wà yìí ló ń dáná fúnra ẹ̀. Àgbàdo ìyá mi, bí a bá kó o jọ ga, a máa ń jí lóru tú u ká ni. Bí a kò bá jí, ilẹ̀ á mọ́ bá a pé ó ti kan."

Mo ki ọwọ́ tèmi náà bọ̀ ọ́. Etí ike tutù, àárín rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́wọ́. Òótọ́ ni Màmá sọ. Irúgbìn tó bá ti jí máa ń mí, á máa jó oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀ láti fi dàgbà, ooru á sì máa jáde. Ní ilẹ̀ òtútù, ooru kékeré yẹn ń ṣe wọ́n lóore. Ní Àkúrẹ́, tí inú ilé fúnra rẹ̀ ti lè lé ní ìwọ̀n 30 ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, àlékún tí a kò fẹ́ ni. Omi tí à ń dà sí i, ooru ló ń lé ju òùngbẹ lọ. Bí ẹ bá ti mọ èyí, gbogbo ìyókù á tò ara rẹ̀.

Ẹ kò ní rẹ ẹ́ pẹ́ mọ́. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá di wákàtí 12, omi náà á ti máa hó fùrùfùrù lójú, ẹ̀wà á sì ti máa kan. Ẹ kò ní kó o jọ ga: kó má ju ìka méjì lọ ní gíga lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí ó ṣì ń bọ̀ wá wú. Ẹ kò sì ní ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Mo máa ń ṣàn tèmi láàárọ̀, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́, àti kí n tó sùn, omi tútù ni mo sì máa ń lò, kì í ṣe èyí tó ti jókòó sínú táǹkì orí òrùlé tí oòrùn ti sè.

Lẹ́yìn ṣíṣàn, kó gbẹ omi pátápátá. Mo rò pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Òùngbẹ kì í tètè pa ẹ̀wà tó ń hù, omi tó dúró sí i nídìí ló ń pa á, nítorí kò ní rí èémí mí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló ń kọ́kọ́ lọ. Á máa fà bí ilá, bí ẹ bá sì ti fọwọ́ kan án, ẹ kò nílò kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín. Mo ti lo asẹ́ oníke, mo ti lo ike ńlá tí mo fi ìṣó gbígbóná lu nídìí. Èyí tó wá tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ajere, ìkòkò amọ̀ olójú ihò. Amọ̀ máa ń mu omi díẹ̀ sára, á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, á sì máa tu ohun tó wà nínú rẹ̀ lára. Iye tí mo rà á kò tó iye asẹ́ oníke. Ẹni tí kò bá rí ajere, kó lo asẹ́. Kó má ṣe lo ìgò ọlọ́rùn tín-ín-rín tí gbogbo wọn ń lò nínú fídíò. Ìgò náà lẹ́wà nínú àwòrán ni, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ooru jáde.

Kó ṣókùnkùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kàn án, á yọ àwọ̀ ewé, á sì korò. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo ti fọ̀ ni mo máa ń tẹ́ sórí rẹ̀, aṣọ ògì tútù lórí ewé. Bó bá sì ti di ọjọ́ kejì, mo máa ń fi àwo pẹlẹbẹ kan lé e, kí n gbé òkúta tó mọ́ lé àwo. Àwọn ọmọ mi rò pé kí eku má baà jẹ ẹ́ ni. Rárá o. Èéhù tí nǹkan bá tẹ̀ lórí máa ń tú atẹ́gùn kan jáde, atẹ́gùn kan náà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń pọ́n. Òun ni kì í jẹ́ kó ga ṣánlẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́, ńṣe ló máa ń sanra. Èéhù tí kò ní ẹrù lórí máa ń gùn, á sì rọ nínú agbada.

Nígbà òjò, ọjọ́ mẹ́rin ló ń gbà, n kò sì nílò láti ṣàn án lọ́sàn-án. Nígbà ọyẹ́, ìṣòro mìíràn ni: òkè á gbẹ láàárín wákàtí mélòó kan, ìsàlẹ̀ á ṣì tutù. Aṣọ orí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa rẹ.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kàn, nítorí òun ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn oníbàárà mi. N kì í fún ẹnikẹ́ni ní èéhù ẹ̀wà ní tútù. Wọ́n á fi àwòrán sàláàdì hàn mí, èmi á ní rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tó dára fún ẹ̀wà láti hù, ibi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, tó tutù, tó ṣókùnkùn, ibẹ̀ gan-an ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fẹ́. Bí ẹyọ kan bá wà lára irúgbìn lọ́jọ́ Ajé, á ti di àìmọye kó tó di Ọjọ́bọ̀, fífọ̀ kò sì lè kó o kúrò tán. Ní ọdún 2011, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní Jámánì, ó mú nǹkan bí 4,000 èèyàn, àwọn tó kú lé ní 50. Kùkúḿbà láti Sípéènì ni wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù, tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi pàdánù ọjà wọn. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀ délé, èéhù ni: èéhù irúgbìn kan tí wọ́n ń pè ní fenugreek, láti oko kan ní àríwá Jámánì. Ìyẹn ní ìlú tí omi ẹ̀rọ ti ń yọ tọ̀sán-tòru.

Kànga àti bóhóòlù ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò lọ́dọ̀ wa, kànga òmíràn kò sì jìnnà sí kòtò ṣáláńgá. Omi tí mo ti sè tó ti tutù ni mo fi ń rẹ ẹ̀wà, òun náà ni mo fi ń ṣàn án ní ìkẹyìn. Ọwọ́ mi kì í kàn án láìfi ọṣẹ fọ̀. Ajere àti aṣọ, omi híhó ni mo fi ń fọ̀ wọ́n láàárín ẹ̀wà kan sí òmíràn. Síbẹ̀, mo ṣì máa ń bọ̀ ọ́ nínú omi híhó kó tó wọ inú agbada. Ẹni tó bá fẹ́ tútù, karọ́ọ̀tì wà.

Ní ti sísè, mung kò nílò wàhálà. Bó bá ti bọ́ nínú omi híhó, mo máa ń sẹ́ ẹ kó gbẹ. Agbada á gbóná, òróró díẹ̀, àlùbọ́sà, ata ilẹ̀, ááyù, karọ́ọ̀tì àti kábéèjì, kí núdù tàbí ìrẹsì tó wọlé. Èéhù ló ń wọlé gbẹ̀yìn. Kó gbóná dénú, kó má sì rọ̀ jù, kó ṣì máa dún lẹ́nu. Ti ẹ̀wà wa ní láti hó dáadáa kó rọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun fún un, àmọ́ kò ní pẹ́ tó ẹ̀wà gbígbẹ lórí iná rárá, ìyẹn kò sì kéré fún ẹni tó ń ra gáàsì. Èèpo rẹ̀ á ti máa bọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń hù; ẹ bu omi lé e, ẹ fọwọ́ rà á, èèpo á léfòó.

Olóyin tó hù fún ọjọ́ kan ààbọ̀, tí ìrù rẹ̀ kò tíì ju ìdajì ìka lọ, ni mo fi ń ṣe àdàlú. Ó máa ń dùn sí i, kò sì ń wú ikùn bíi tàtẹ̀yìnwá. Èyí kì í ṣe oògùn. Ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí ikùn wa kò lè dà, àwọn kòkòrò inú ìfun ló ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Bí ẹ̀wà bá ń hù, òun fúnra rẹ̀ á ti jẹ lára ṣúgà náà kó tó kàn wá. Mo dán an wò fún mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú. Èyí tó hù díẹ̀ dára, èyí tó ti gùn kì í dì dáadáa, á kàn máa mì nínú ewé ni. Èyí tí àwọn ará ilé mi ń béèrè jù, inú ata àsùn ni mo ti ń sè é. Mo máa ń bọ èéhù olóyin kó rọ̀, màá wá dà á sínú ata tí mo fẹ́ fi yí ẹran, kó mu ata náà sára kí ẹran tó wọlé. Àwọn ará Oǹdó tó jẹ ẹ́ kò tíì bá mi jà.

Màmá onílé jẹ tiwọn pẹ̀lú ẹ̀kọ. Mo gbé núdù náà fún wọn pẹ̀lú. Wọ́n ṣa èéhù inú rẹ̀ jẹ, wọ́n kó núdù fún àwọn ọmọ.

Ẹnì kan á tún wá bi mí bóyá ó ń wo àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. N kò mọ dókítà kan tó ń fi í ṣe ìtọ́jú. Oúnjẹ ni. Ẹ̀wà gbígbẹ kò ní fítámì C kan tó ṣe é kà, èéhù ní in: nǹkan bíi mílígíráàmù 13 nínú 100 gíráàmù èéhù mung tútù, iná á sì gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ti purotéènì, àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sọ tán. Nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 èéhù mung ló jẹ́ omi, nítorí náà gíráàmù mẹ́ta péré ni purotéènì inú 100 gíráàmù rẹ̀, nígbà tí ẹ̀wà náà ní gbígbẹ ní tó 24. Ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ ẹ̀wà, kó fún un ní ẹ̀wà.

Fíríìjì lè pa èéhù mọ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta bí iná bá dúró. Nítorí pé n kò lè fi iná búra, iye tí òde kan fẹ́ nìkan ni mo ń hù. Bí òde bá jẹ́ ọjọ́ Sátidé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń rẹ ẹ̀wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá jẹ́ oṣù Keje, mo máa ń fi ọjọ́ kan ṣáájú. Mo máa ń hu díẹ̀ lé ní iye tí mo nílò, nítorí àwọn tó kọ̀ láti hù kò ní ṣàìwà, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ló ń gbádùn ìyẹn. Oníbàárà tó bá wá pè mí ní ọjọ́ Ẹtì pé òun fẹ́ ẹ lọ́la, kábéèjì ni mo máa ń rẹ́ wẹ́wẹ́ sínú núdù rẹ̀, màá sì ti sọ fún un kó tó sanwó.